Ọdún Tí Omijé Mi Kọ́ Ọ̀nà Ọ̀fun

Bí mo bá ronú kan ilé wa ní Kémta, kì í ṣe ojú ilé náà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ìró rẹ̀ ni. Ìró ìrẹsì nínú àtẹ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kó máa fẹ́ ẹ: ṣàà, ṣàà, ṣàà, lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ á dákẹ́ díẹ̀ kó lè ṣa òkúta. Kó tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀, a ó ti gbọ́ kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, a ó sì ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá mi, tíṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó fẹ́ sí ilé ìmàle. Bàbá mi kì í sábà sí nílé. Tírélà sìmẹ́ńtì ló ń wà láti Ewékorò lọ sí ibikíbi tí Ọlọ́run bá ní kó gbé e dé, ohùn rẹ̀ nínú fóònù la sì máa ń rí ju ojú rẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà nínú ilé náà lọ́dún tí mò ń wí yìí: Rìsí lẹ́nu ìyá mi, Àṣàbí lẹ́nu Ìyá Àgbà. Àwọn obìnrin méjì ló ni mí, wọn kì í sì í fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó yẹ kí n jẹ, áḿbọ̀sì ohun tó yẹ kí wọ́n fi sí mi lójú.

Ojú mi òsì ló ń sunkún. Mi ò sọ pé èmi ni mò ń sunkún o, ojú náà ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni omi ti ń dà lára rẹ̀, lójò, lẹ́ẹ̀rùn, bí mo ń rẹ́rìn-ín, bí mo ń jẹun, bí mo ń sùn pàápàá. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́, mi ò lè kọjá ládùúgbò kí àgbàlagbà kan má dá mi dúró: “Ọmọ Ìyá Onírẹsì, ta ló nà ọ́?” Ìyá Àgbà kórìíra ìbéèrè yìí débi pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde wá dáhùn rẹ̀. Á ní, “Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú ẹgba kan níbẹ̀, ẹ fi na èmi náà.” Lẹ́bàá imú mi, ní igun ojú, ohun kan wú níbẹ̀ tó tó hóró ẹ̀wà. Láràárọ̀ ni ìyá mi ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ọyún á yọ ní igun ojú mi, á fi òwú tó rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún kúrò. Bí mo bá ráhùn pé mi ò rí ojú pátákó dáadáa nílé ìwé, Ìyá Àgbà á ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó ń fi tù mí nínú ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ lónìí pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò sunkún láti àárọ̀ di alẹ́ rí.

Dókítà tó gba ọ̀ràn mi wò, ní ọsibítù kan nílùú wa níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ya ojú àti imú sórí bébà fún wọn. Ó ní omi tó ń rin ojú ní ọ̀nà tóóró kan tó ń gbà wọ inú imú, tí á sì ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀fun, pé tèmi ti dí, ìdí nìyẹn tí omi náà fi ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá Àgbà mi orí. “Ohun tó bá ojú ló bá imú,” ló wí, inú dókítà sì dùn pé ọ̀rọ̀ yé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà ní òun máa la ẹ̀gbẹ́ imú mi, pé òun á lu eegun kékeré kan, òun á sì ki rọ́bà tín-ín-rín bí òwú sí ọ̀nà tuntun náà, tí yóò wà níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan kí ọ̀nà náà má bàa pa dé, Ìyá Àgbà kò mi orí mọ́. “Àpá ńkọ́?” ló béèrè. Kò béèrè bóyá màá kú, kò béèrè bóyá ojú náà máa fọ́. Ẹnu yà mí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fi abẹ kọ abàjà sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé mọ ìdí tó fi béèrè.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú ni wọ́n kùn mí lóorun tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo jí, imú mi dí pa, ẹ̀jẹ̀ ń ta sí mi lẹ́nu, ìyá mi sì ń fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú kí n má bàa fa báńdéèjì ojú mi ya. Kí wọ́n tó jẹ́ ká máa lọ sílé, dókítà ka òfin sí wa létí. Mi ò gbọ́dọ̀ fọn ikun. Mi ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí n dorí kodò. Mi ò gbọ́dọ̀ ra ojú. Bí mo bá fẹ́ sín, kí n la ẹnu sílẹ̀ gbàgà kí atẹ́gùn lè gba ẹnu jáde. Rọ́bà náà á máa hàn díẹ̀ ní igun ojú mi bí òwú funfun tó há síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fà á, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé e. Ohun tó tún wí gbẹ̀yìn, ìyá mi ló wò bó ti ń wí i: oògùn tí òun fún wa nìkan ni kó kan ojú egbò náà.

Bí ilé wa ṣe di ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ sín nìyẹn. Ìyá Àgbà kó àtẹ rẹ̀ lọ sí ìdí ògiri jíjìnnà lẹ́yìn ilé kí eruku ìrẹsì má bàa dé imú mi, ìró tí mo fi ń mọ àárọ̀ sì wá ń ti òkèèrè bọ̀, bí ìgbà tí ilé ẹlòmíràn ni. Ata gbígbẹ di èèwọ̀. Ọbẹ̀ tí a ń jẹ, ilé aládùúgbò ni wọ́n ti ń dín ata rẹ̀ wá. Bí imú mi bá mì pẹ́rẹ́, gbogbo ilé á dákẹ́ lójú kan náà: ọwọ́ á dúró lórí àtẹ, ìyá mi á dúró pẹ̀lú ṣíbí lókè, wọ́n á máa wo ẹnu mi. “La ẹnu, Àṣàbí. La ẹnu.” Nígbà tí mo bá sín tán tí nǹkan kan ò bọ́, Ìyá Àgbà á ní “Àlùhámúdùlílàhì”, ìyá mi á ní “Ẹ ṣé o, Jésù”, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo máa ń bá Ìyá Àgbà ṣa òkúta tẹ́lẹ̀, mo di ẹni tó ń jókòó gbọnrangandan lórí àga bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀rù rọ́bà yẹn bà mí ju ẹ̀rù ejò lọ. Mo máa ń lá a pé mo fà á, tó ń jáde, tó ń jáde, tí kò sì tán.

Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì kúrò, Ìyá Àgbà fà mí sún mọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì wò mí bó ṣe máa ń wo ìrẹsì tuntun tí wọ́n bá kó ti Ọ̀fàdà wá. Egbò náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó wú díẹ̀, òwú dúdú tí wọ́n fi rán an sì yọ sórí rẹ̀ gángan-gàngan. Ó ń yún mi, bí ohun tí èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Ìyá Àgbà fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tí abàjà rẹ̀ wà, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ìyá Rìsí, kí lo ń fi sí i?”

“Òróró tí dókítà fún wa ni, Mà.”

“Egbò yìí gbẹ jù. Báyìí kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú egbò ojú. Bó bá gbẹ báyìí, àpá rẹ̀ á wú bí ìka.”

“Wọ́n ní nǹkan mìíràn ò gbọ́dọ̀ kàn án, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ọ̀nà inú rẹ̀ ni wọ́n ń rò, kì í ṣe òkè rẹ̀.”

“Mo ti gbọ́.”

Ẹni tó bá bá àgbà Ẹ̀gbá gbélé mọ̀ pé “mo ti gbọ́” kì í ṣe “mo gbà”. Ìyá mi náà mọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà ní àárọ̀ ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó sì jáde lọ wọkọ̀ Itori níbi tó ti ń kọ́ni. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ojú rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn ọmọ náà jù ni, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á.

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí Ìyá Àgbà ti ọjà dé pẹ̀lú abọ́ tó fi ìdérí bò. Mo gbọ́ tí àwọn nǹkan kan ń ha abọ́ náà nínú, rọra, rọra. Ìgbín ni. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ìkarahun, ó fi òkúta kékeré kan ìdí rẹ̀ ṣóńṣó títí tó fi là, ó sì dorí rẹ̀ kọ abọ́ kékeré kí omi inú rẹ̀ máa kán. Bí ó ti ń kán ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí olóólà kọ ìlà fún àwọn, àárín itan ìyá òun ni wọ́n ti di òun mú, iná ni ojú òun, òun kígbe títí ohùn òun fi há. Ó ní ìyá òun wá kán omi ìgbín sí i, ìtura dé, òun sùn. “Gbogbo wa tí wọ́n kọ nígbà náà, ojú ta ló jẹrà nínú wa? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

Mo ní, “Ìyá Àgbà, Mọ́mì ní nǹkan mìíràn ò gbọ́dọ̀ kàn án.”

“Ìyá rẹ ò purọ́. Ọmọ dáadáa ni ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n ṣé ìyá rẹ mọ ohun tó ń jẹ́ egbò ojú? Gbé orí sókè.”

Mo gbé orí sókè. Ká má parọ́, ó dára. Omi náà tutù, ó yọ̀, yíyún náà sì lọ bí ẹni pé wọ́n lé e. Mo sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí mi ò ṣe sùn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Nígbà tí mo jí, Ìyá Àgbà jókòó tì mí, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara rẹ̀. Ọjọ́ kejì náà ó tún un ṣe. Bí mo bá ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bú àwọn àgbà pé aláìmọ̀kan ni wọ́n, abẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo máa ń rántí. Mi ò rí ẹni tó fẹ́ kí ojú mi dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì rí ẹni tó sún mọ́ bíbà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ooru ló kọ́kọ́ dé, lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀gbẹ́ imú mi gbóná, ó wú, ó ń lù mí kìkìkì bí ẹni pé ọkàn mìíràn wà níbẹ̀. Kí ìyá mi tó ti Itori dé ní ìrọ̀lẹ́, ojú mi òsì ti dí, ọyún sì ti ń yọ láàárín òwú. Ó wọlé, ó rí mi, báàgì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò tíì la ẹnu tí Ìyá Àgbà fi dìde lórí àpótí rẹ̀.

“Èmi ni. Omi ìgbín ni mo kán sí i. Má béèrè lọ́wọ́ ọmọ, ó sọ fún mi kí n má ṣe é.”

Mo ń dúró de ariwo. Ìyá mi kò pariwo. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ títí, ó sì wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń ka ìwé fún ọmọ ilé ìwé: “Ẹ mú ìborùn yín, Mà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Títí dòní, mo gbà pé bó bá pariwo, ì bá dára fún àwọn méjèèjì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún dókítà, kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Dókítà kò bú u. Ó tú òwú kan, ó fọ egbò náà, mo sì kígbe débi pé àwọn tó wà níta dákẹ́. Ó yẹ rọ́bà náà wò, ó ní ó ṣì wà níbi tí òun fi sí, ó pààrọ̀ oògùn, ó fún mi lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì mọ̀ pé ọmọ tó ti sunkún tán ni etí rẹ̀ ń ṣí jù. Ó ní egbò òkè á jinná, òun ò bẹ̀rù ìyẹn. Ọ̀nà inú ni òun ò lè sọ nípa rẹ̀. Ó ní bí egbò bá gba kòkòrò, ẹran tuntun máa ń hù nínú ọ̀nà náà, ó sì lè dí i, rọ́bà tàbí kò sí rọ́bà.

“Báwo la ṣe máa mọ̀?” Ìyá Àgbà ló béèrè.

“Ẹ jẹ́ kí wíwú rẹ̀ lọ ná, Mà. Bí omi kò bá gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́, a jẹ́ pé ó là.”

“Bó bá ṣì ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́?”

“A ó tún un là. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kejì máa ń le ju àkọ́kọ́ lọ.”

Ohun tó kù nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni gbogbo ilé fi ń ṣọ́. Ìyá mi tún gba ìsinmi, ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ sì bínú sí i. Òun nìkan ló ń fọwọ́ kan ojú mi: òróró egbò láàárọ̀ àti lálẹ́, oògùn olómi lọ́sàn-án. Ìyá Àgbà kò wọ yàrá wa mọ́. Àwọn méjèèjì kò jà, wọ́n ń kí ara wọn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi kò kọjá láàárín wọn àfi kó gba ọ̀dọ̀ mi. “Rìsí, bá mi sọ fún Ìyá Àgbà pé oúnjẹ ti délẹ̀.” “Àṣàbí, sọ fún ìyá rẹ pé mo ti jẹun.” Irọ́ sì ni, kò jẹun. Bàbá mi á pè, á béèrè pé ṣé kò sí wàhálà, ẹni tó bá gbé fóònù á ní kò sí. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, Ìyá Àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò ní wọlé, á nawọ́, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì. Omi á ṣì wà níbẹ̀. Á fà á padà, á nù ún mọ́ ìró rẹ̀, á sì lọ jókòó ti àtẹ rẹ̀ láìfẹ́ ìrẹsì kankan.

Egbò òkè jinná bí dókítà ṣe wí. Ó fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi, tó wú bíńtín ní ìsàlẹ̀ níbi tó ti gba kòkòrò. Ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń wọkọ̀ máa ń béèrè pé irú ìlà ìlú wo nìyí, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé ti ilé wa ni, èmi nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ọmọ mi ọkùnrin gbà á gbọ́ títí ó fi wọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìlà náà. Wíwú ti lọ, egbò ti jinná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì ń tutù láràárọ̀. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ nínú fóònù fún bàbá mi pé, “Wọ́n á tún un là ni o,” ó sì yára dákẹ́ nígbà tó rí mi.

Ìsinmi ìyá mi tán. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́, ìdánwò ti dé. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó lè kán oògùn ọ̀sán. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí i tó dúró sí àárín yàrá pẹ̀lú ìgò kékeré náà lọ́wọ́, ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn ilé, ó kúnlẹ̀ síwájú àtẹ ìrẹsì, ó sì gbé ìgò náà lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́.

“Mà, ẹ̀yin lẹ máa kán an. Ẹ̀kán kan péré, nígbà tí ẹ bá kírun ọ̀sán tán.”

Ìyá Àgbà wo ìgò náà bí ẹni pé iná ló wà nínú rẹ̀. “Èmi kẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, Mà. Ta ni mo tún ní?”

Nígbà tí wọ́n pe àdúrà ọ̀sán, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó sì tún fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó fi orí mi sórí itan rẹ̀. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ tàsé, ó bọ́ sí mi níwájú orí. Ó ní “Bísímílàhì”, ó mú ìmí dúró, ó kán òmíràn. Èyí bọ́ sójú. Mo di ojú mi bí wọ́n ti kọ́ mi. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ lókè orí mi. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú gbogbo oògùn tí ìyá mi ti kán: ohun kan rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn imú mi, mo gbé itọ́ mì, ojú mi sì fà ro.

“Ìyá Àgbà, ó korò.”

“Kí ló korò?”

“Ọ̀fun mi.”

Mi ò lè gbàgbé bí ara rẹ̀ ṣe le gan lábẹ́ orí mi. Ojú ló kán oògùn sí, ọ̀fun ló ti korò. Lójú tirẹ̀, májèlé nìkan ló ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú ara ènìyàn. Ó gbé mi dìde, ó sáré wọ ilé ìdáná, ó sì da epo pupa sí mi lẹ́nu, nítorí epo ni gbogbo ilé wa mọ̀ fún ẹni tó bá jẹ májèlé. Epo ń ṣàn ní àgbọ̀n mi, ó ń ta sí aṣọ rẹ̀, ó ń sọ pé, “Gbé e mì, Àṣàbí, gbé e mì, ọmọ mi.” Ó pe ìyá mi lórí fóònù. Mo gbọ́ ohun tó wí, mo sì fẹ́ kí n má gbọ́ ọ: “Ìyá Rìsí, máa bọ̀ ní ọsibítù. Mo tún ti ṣe é. Mo ti ba tọmọ jẹ́ o.” Ìyá Àgbà tí kì í gun ọ̀kadà, tó máa ń ní pósí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, òun ló gbé mi gun ọ̀kadà lọ́sàn-án náà, ó fi ìborùn rẹ̀ gbá mi mọ́ra, ó ń ka àdúrà sí mi ní ọrùn láti Kémta títí a fi dé ẹnu géètì.

Dókítà rí ọmọ tí epo kùn lẹ́nu dé àyà, ó dìde lórí àga. Ìyá Àgbà ti kúnlẹ̀. “Ẹ gbà mí, Dókítà. Oògùn tí mo kán sí i lójú ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó ní ó korò. Mo ti fún un lépo.”

Dókítà gba ìgò náà, ó kà á. Ó wò mí. “Rìsí, níbo ló ti korò?”

Mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi.

“Kì í ṣe ahọ́n?”

“Ọ̀fun ni, Mà.”

Ó ní kí n fi omi fọ ẹnu dáadáa títí epo á fi kúrò. Ó tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tún kán an sí ojú òsì mi. Ìyá mi wọlé lásìkò yẹn, èémí rẹ̀ ń já, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ó dúró mọ́ ilẹ̀kùn, ojú mi ló ń wò. Mo gbé itọ́ mì.

“Ó korò.”

Dókítà jókòó. Ó fi ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀, ó sì yíjú sí Ìyá Àgbà tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ìyá, oògùn yìí korò láti ilẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, ibo ni ì bá gbà dé ọ̀fun? Ọ̀nà ti là. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń tutù yẹn á gbẹ, ẹ ní sùúrù fún un díẹ̀.”

Ìyá mi rọra fi ẹ̀yìn ti ògiri títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí omi ń bá jáde. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn jẹ. Ó ní, “Ẹ kán an sí tèmi.”

“Ojú yín ò ṣàìsàn, Mà.”

“Mo mọ̀. Ẹ kán an sí i.”

Dókítà wo ìyá mi, ìyá mi mi orí. Wọ́n tẹ́ Ìyá Àgbà sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, gèlè rẹ̀ yẹ̀, abàjà rẹ̀ sì kọjú sókè sí iná. Wọ́n kán ẹ̀kán kan. Ó di ojú rẹ̀, ó ń dúró. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó pẹ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀fun náà lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ sì fà ro gẹ́lẹ́ bí tèmi ṣe fà ro.

“Ó korò,” ló wí. “Áà, Àṣàbí. Ó korò bí ewúro.” Omijé sì ya bolẹ̀ ní ojú rẹ̀ méjèèjì, ó jẹ́ kí wọ́n máa dà, kò nù wọ́n.

Nígbà tí a jáde, ìyá mi ra omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri lẹ́nu géètì, ó fi eyín já etí rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá Àgbà. “Ẹ mu omi, Mà, kí kíkorò yẹn lè lọ.”

Bí kì í bá ṣe ti oògùn, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan kò ti ọ̀dọ̀ ẹnì kìíní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì láìgba ẹnu mi. Ìyá Àgbà gba omi náà, ó sì gbé e fún mi kí n máa mu ún. Ó fi apá kọ́ apá ìyá mi, wọ́n jọ ń rìn lọ síwájú mi nínú eruku, ó sì ń gbé itọ́ mì, ó ń gbé itọ́ mì.

“Fi kíkorò náà sílẹ̀, Ìyá Rìsí,” ló wí. “Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́fun mi.”